Kí Ló Ń Jẹ́ Kí Dátábéèsì Falẹ̀?

Ọ̀rọ̀ dátábéèsì ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má sá o, kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí.

Dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí ní ìlà-ìlà, bíi rẹ́jísítà kíláàsì. Ìlà kan fún ẹnì kan, òpó kan fún orúkọ, òpó kan fún hóòsì, òpó kan fún ọjọ́ ìbí. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ń jẹ́ SQLite, tí ọ̀gbẹ́ni Richard Hipp gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, wà nínú fóònù àwọn òbí wa, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Òun náà ni tísà kọ̀ǹpútà wa fi ṣe ìwé orúkọ fún sick bay.

Kọ̀ǹpútà sick bay yẹn ti di àwàdà láàárín wa. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ ọmọ kan, àfi kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé lágbájá ò gbọ́dọ̀ lo oògùn báyìí, pé àyà tàmẹ̀dù máa ń há bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ sì mọ bí ọyẹ́ Òkè Ọya ṣe ń ṣe. Àwọn kan ti ń ní kí PTA dá owó kọ̀ǹpútà tuntun. Tísà wa ló ní kí wọ́n mú sùúrù ná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ẹ bá ní kí dátábéèsì wá Adéọlá, tí kò sì ní atọ́ka, ńṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, á máa kà á ní ìkọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Bó bá tiẹ̀ rí Adéọlá kan lójú ọ̀nà, kò lè dúró, torí Adéọlá mìíràn lè wà níwájú. Ká ní ìlà mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀, mílíọ̀nù kan náà ló máa kà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wá "ọ̀pọ̀lọ́" nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tó wá ń kà á bọ̀ láti A. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àárín ìwé lẹ máa ṣí, ẹ bá L, ẹ mọ̀ pé Ọ ṣì wà níwájú, ẹ ò tún ní wo A sí K mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pín in sí méjì bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìgbà 20 péré ló máa wò kó tó rí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan.

Atọ́ka, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní index, ló ń jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń to orúkọ tẹ̀léra, á sì kọ ibi tí ìlà ẹni náà wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rudolf Bayer àti Edward McCreight, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Boeing tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ló ronú kan irú èyí tí wọ́n ń pè ní B-tree; ìwé wọn lórí rẹ̀ jáde ní 1972. Wọn ò sọ ohun tí B yẹn dúró fún níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń méfò rẹ̀. Dípò méjì, B-tree lè pín nǹkan sí 100 lẹ́ẹ̀kan. 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100 jẹ́ mílíọ̀nù kan, nítorí náà ìgbésẹ̀ mẹ́ta ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò rẹ̀ nígbà prep, torí ó jọ irọ́.

Ìlà kan ṣoṣo ni tísà wa tẹ̀:

CREATE INDEX atoka_oruko ON alaisan (oruko);

Ká tó ṣẹ́jú, orúkọ tí wọ́n ń wá ti jáde. Nọ́ọ̀sì ní káwọn tún un tẹ̀ fúnra àwọn, ó tún jáde. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn náà ni o! Kí PTA fi owó yẹn ra oògùn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí SQLite ṣe ń wá nǹkan, ẹ kọ EXPLAIN QUERY PLAN ṣíwájú ìbéèrè yín. Bó bá dáhùn pé SCAN, ó ń kà á láti òkè délẹ̀ nìyẹn. Bó bá ní SEARCH, ó rí ọ̀nà àbùjá.

A ò wá ní torí pé atọ́ka dára ká ṣe é fún gbogbo òpó. Gbogbo ìgbà tí orúkọ tuntun bá wọlé ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún atọ́ka kọ̀ọ̀kan ṣe, ó sì ń gba àyè. Òpó "ọkùnrin tàbí obìnrin" ò nílò ẹ̀ rárá, torí nǹkan bí ìdajì ilé-ìwé ni ìdáhùn máa jẹ́. Atọ́ka ò sì lè ran ẹni tó mọ ìparí orúkọ nìkan lọ́wọ́. Adéwálé wà lábẹ́ A, Ọláwálé wà lábẹ́ Ọ. Ẹni tó ń wá gbogbo "wálé" máa kà á tán ni. Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin ará Yorùbá Club: lójú SQLite, "Ola" àti "Ọlá" kì í ṣe orúkọ kan náà.

Ó ku kíkọ orúkọ wọlé. Bí ẹ bá ń fi í pa mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á máa dúró de díìskì nígbà gbogbo, bí ẹni tó ń lọ sí ìdí kànga pẹ̀lú ife. Àwọn tó ṣe SQLite sọ pé ó lè gba ìlà 50,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí kọ̀ǹpútà lásán, ṣùgbọ́n ìfipamọ́ bíi mélòó kan ní ẹ̀wá-ẹ̀wá péré ló lè parí láàárín àkókò yẹn. Nítorí náà, ẹ kọ BEGIN, ẹ to gbogbo orúkọ sílẹ̀, kí ẹ wá kọ COMMIT lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ti bẹ nọ́ọ̀sì pé bí orúkọ àwọn JSS1 tuntun bá dé ní September, kí wọ́n dúró dè wá.