Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìyípadà Kóòdù Kí Àyẹ̀wò Rẹ̀ Lè Rọrùn

Ọ̀dọ́ tí ó fi kíkọ kóòdù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ lè jókòó sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin kí ó máa bá àwọn tí ó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ pọ̀. Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni Git, èyí tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 fún àwọn tí ń kọ Linux. Ó ń tọ́jú ìyípadà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Kí a tó da ìyípadà pọ̀ mọ́ ojúlówó iṣẹ́, ó yẹ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò tí ń ṣírò èlé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá tún ìṣírò èlé ṣe, tí ó yí orúkọ fáìlì padà, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pọ̀, ìlà kan tí ó kan owó yóò sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ ìlà tí kò kan owó. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, olùyẹ̀wò lè má rí i, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò sì pàdánù.

Nítorí náà, a gba àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ yìí níyànjú pé:

1. Kí àkọsílẹ̀ ìyípadà kọ̀ọ̀kan, tí à ń pè ní commit, má ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Ìlànà àwọn tí ń kọ Linux náà nìyí.

2. Kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ṣe ìyípadà náà. “Mo tún un ṣe” kò tó. “Èlé dúró lọ́jọ́ tí a san gbèsè tán” yé ènìyàn.

3. Kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka tiyín, kí ẹ sì máa mú iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wọlé déédéé, kí ìforígbárí lè tètè hàn.

4. Kí ẹ fi git diff ka iṣẹ́ yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà sínú rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́ lẹ́yìn náà, ó ṣì wà nínú ìtàn tí Git pa mọ́. Bí ó bá ti wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Bí àlàyé commit yín bá nílò “àti”, ẹ pín in sí méjì.