Àárẹ̀ Tí Ìsinmi Kò Lé Lọ: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ilẹ̀ Ìkálẹ̀



Akọpẹ tó ti wà lórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sí bí kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́. Irú àárẹ̀ yẹn kì í ṣe àìsàn. Yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́, ara á ti padà sípò. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé yìí yàtọ̀. Ẹni náà sùn mọ́jú, ó jí, ara rẹ̀ sì wúwo bí ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ ní gbogbo òru. Ó ṣe é lónìí, ó ṣe é lọ́la, oṣù wọ oṣù.

Ohun kan la fẹ́ kí ẹ mú dání: àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Nǹkan kan ló ń fà á. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fà á ló ní oògùn, èyí tí kò sì tíì ní oògùn ní ọ̀nà tí a fi ń bá a gbé.

Ìgbà wo ni kí n lọ ṣàyẹ̀wò?

Bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ ti ń sinmi tí ara kò yá, ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ọwọ́ wọn lọ, wọn á kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkìtìpupa.

Ẹ má ṣe dúró dọ̀la bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:
- èémí ń gbé yín nígbà tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ kankan, tàbí àyà ń dùn yín;
- ẹ dákú, tàbí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣàdédé kọṣẹ́;
- ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀;
- aláboyún ni yín, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà;
- ọkàn yín ń sọ fún yín pé kí ẹ pa ara yín.

Kí ló lè fà á?

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárẹ̀: ẹ jẹ́ ká wò ó kí a tó pè é ní ibà tàbí àfiṣe.

*Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó.* Èyí wọ́pọ̀ láàárín aláboyún, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà púpọ̀, àti ẹni tí ibà ń ṣe lemọ́lemọ́. Aràn náà ń fà á: irú kan wà nínú ilẹ̀ oko tó tutù, ó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ẹni tí kò wọ bàtà, á wá lọ máa mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ yín wálẹ̀ níwájú dígí. Bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Obìnrin tí kò lóyún, bí èròjà ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ (hemoglobin) bá kéré sí 12 g/dL, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ti aláboyún jẹ́ 11, ti ọkùnrin sì jẹ́ 13.

*Ibà.* Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ibà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka, àti ìṣẹ́jú bíi 20, ti tó láti mọ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó lo oògùn.

*Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.* Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ṣáá, tí ẹ ń dìde tọ̀ lóru, tí ẹ sì ń rù, ẹ yẹ ṣúgà wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí ó bá ti dé 140/90, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ń fẹ́ ìtọ́jú.

*Ikọ́ ife àti HIV.* Ikọ́ tó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, òógùn òru, rírù: ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife àti ti HIV nílé ìwòsàn ìjọba.

*Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.* Bí ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò bá dùn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan kan ńkọ́?

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ME/CFS. Ìgbà mìíràn, ẹ̀yìn ibà líle kan tàbí kòrónà ló máa ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń fura sí i bí àárẹ̀ bá ti tó oṣù mẹ́fà, tí oorun kì í tu ara, tí ọpọlọ ń ṣú tàbí òòyì ń kọ́ni nígbà tí a bá dìde. Àmì rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé iṣẹ́ kékeré a máa dá èèyàn dùbúlẹ̀, nígbà mìíràn kì í ṣe lójú ẹsẹ̀, bí kò ṣe lọ́jọ́ kejì, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní 2007, Mary Gloria Njoku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ó wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ. Nígbà kan, wọ́n máa ń ní kí aláìsàn fi kún eré ìdárayá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yálà ara gbà á tàbí kò gbà á. Ní 2021, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ ìyẹn kúrò nínú ìlànà rẹ̀ fún àìsàn yìí. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí a mọ ìwọ̀n okun wa, ká má sì ná an kọjá.

Bí a ṣe ń ṣọ́ okun ná: àpẹẹrẹ púpurú

Ilé Ìkálẹ̀ wo ni kò mọ iṣẹ́ púpurú? A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, a ó fún omi rẹ̀, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó tò ó sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà la ó ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú, ká gún un, ká jọ̀ ọ́.

Ká ní ìyá kan ní àárẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó bó ẹ̀gẹ́ abọ́ ńlá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì, kò lè dìde lórí ẹní. Ohun tí à ń sọ fún un rèé. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n lórí abọ́ kejì, abọ́ kan ni ìwọ̀n rẹ, dúró síbẹ̀. Jókòó sórí àpótí, má lóṣòó. Bí o bá bó ìdajì, lọ dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí o tó bó ìyókù. Jẹ́ kí àwọn ọmọ pọn omi. Ọjọ́ tí o bá ń fún ẹ̀gẹ́, má lọ sọ́jà. Kọ ohun tí o ṣe àti bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì sínú ìwé kékeré kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwọ fúnra rẹ á rí ibi tí ààlà rẹ wà.

Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ yín. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa sùn, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Púpurú ń fúnni lágbára, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ tó, nítorí náà kí ẹja, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tàbí ẹ̀dọ̀ wà nínú oúnjẹ yín, kí ẹ sì fi ọsàn tẹ̀ lé e. Ẹ má fi tíì sin oúnjẹ. Kì í jẹ́ kí ara rí àǹfààní rẹ̀ gbà.

Ẹ má fi ọtí lé àárẹ̀

Ògógóró, páràgà àti tramadol kì í fúnni lókun. Wọ́n kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan ní àrùn àràmàǹdà ni, àwọn mìíràn ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí ni. Ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tí a sin.

Ọ̀rọ̀ fún ará ilé

Ẹni tí ẹ rí tó rẹ́rìn-ín lọ́jà lánàá, tó dùbúlẹ̀ lónìí, kò purọ́. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bá a gbé garawa omi rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e lọ ṣàyẹ̀wò.

Kí ẹ tó lọ ṣàyẹ̀wò

Ẹ mú oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le, àti bí oorun yín ṣe rí. Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, ẹ mú un dání. Nípa ìwọ̀nyí ni wọn á kọ́kọ́ bi yín léèrè.