Ẹ̀rọ Àtẹ́lẹwọ́ Tó Mọ̀nà: Bí A Ṣe Lè Lò Ó L'Ábẹ́òkúta, àti Ibi Tí Ọgbọ́n Rẹ̀ Mọ

Ọ̀rọ̀ tòní wá látinú ìbéèrè kan tí ẹnì kan nínú yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà lókè òkun fẹ́ ra ilẹ̀ lápá Ọbáńtokò. Ẹni tó ń bá wọn wá ilẹ̀ fi àmì ojú máàpù ránṣẹ́, ó sì ya fọ́tò ìwé sọ́fè kún un. Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé òun lè fi fóònù òun mọ̀ bóyá ilẹ̀ inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n mú òun dé?

Ìdáhùn kúkúrú ni rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tí mo dákẹ́, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀rọ yòókù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní PDA. Dáyárì oníná ni, tó ṣe é kì bọ àpò: kàlẹ́ńdà, nọ́ńbà àwọn èèyàn, ohun tí a fẹ́ ṣe lọ́la, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín kan la sì fi ń tẹ ojú rẹ̀. Lọ́dún 2003 ni Garmin gbé iQue 3600 jáde, PDA àkọ́kọ́ tó ní GPS nínú ara rẹ̀. Eriali rẹ̀ wà lẹ́yìn, èèyàn á sì ṣí i sókè bí ìdérí kó lè rí ojú ọ̀run. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé èèyàn lè tẹ àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú dáyárì náà, kí ẹ̀rọ sì máa júwe ọ̀nà lọ sílé onítọ̀hún. Àmọ́ máàpù kì í já wálé látojú afẹ́fẹ́ nígbà náà. Orí kọ̀ǹpútà lèèyàn ti ń kó o wọ inú rẹ̀. Bí bátìrì bá sì kú pátápátá, nọ́ńbà àti ìrántí tó wà níbẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bú fóònù yín láàárọ̀ yìí, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ọmọ bíbí inú ẹ̀rọ yẹn ni. Bó ṣe ń mọ ibi tó wà kò sì yí padà. Ó kéré tán, sátẹ́láìtì GPS 24 ló ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé aago kan tí kì í ṣi àkókò sọ, ó sì ń kéde lemọ́lemọ́ pé, “Èmi rèé, ibi tí mo wà rèé, iye tí aago lù rèé.” Fóònù kàn ń gbọ́ ni, kì í fèsì. Yóò wo iye àkókò tí ìkéde náà fi rìn, yóò sì fi ṣírò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Mẹ́ta yẹ kó tó láti mọ ibi tí a wà, ṣùgbọ́n aago fóònù kò péye tó ti ojú ọ̀run, ìkẹrin ló ń bá a tún un ṣe. Ẹ má fojú kéré aago yìí o. Bí àṣìṣe ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá bá wọ inú ìṣirò náà, ìyẹn ti di ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mítà lórí ilẹ̀.

Nítorí pé gbígbọ́ ni fóònù ń gbọ́, GPS kò nílò dátà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà èyí. Ohun tí dátà ń ṣe ni pé ó ń gbé àwòrán máàpù wá, ó sì ń jẹ́ kí fóònù tètè mọ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè rẹ̀. Láìsí dátà, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbéra, pàápàá bí ẹ bá ti pa á tipẹ́. Ẹ dúró níta gbangba, ẹ fún un ní sùúrù. Ní gbangba bẹ́ẹ̀, fóònù sábà máa ń sún mọ́ òótọ́ tó nǹkan bíi mítà márùn-ún. Láàárín àwọn ọ̀nà tóóró ọjà Ìtókù, níbi tí ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti páànù ti ń ta ìkéde náà padà síra wọn, àmì yín lè fò sódì kejì ọjà. Lábẹ́ àpáta Olúmọ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ yọ fóònù.

Ní ti máàpù, ìlú wa ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1830, oríṣiríṣi ìlú ló kóra jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé orúkọ ìlú rẹ̀ àtijọ́ dání wá. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ níbi kan, tí orúkọ kan náà sì tún lè wà níbi méjì. Kémta wà ní àárín ìlú àtijọ́, Kémta Housing Estate sì wà lápá Ìdí-Àbà. Ẹni tó bá kọ “Kemta” nìkan, tó sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé ohun tí fóònù sọ, lè bára rẹ̀ níbi tí kò rò. Ká má tíì wá sọ ti “ẹ béèrè ilé ìyá alákàrà.”

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kọ ìwé àmì tèmi. Bí mo bá dé ilé ẹnì kan nígbà àkọ́kọ́, mo máa dúró lẹ́nu géètì títí tí róbótó tó yí àmì búlúù ká fi máa sún kì, lẹ́yìn náà ni mo máa tẹ ojú máàpù mọ́lẹ̀, kí n fi àmì náà pa mọ́ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn aládùúgbò ń pè é. Àmì yẹn náà ni mo máa ń lẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìpàdé nínú kàlẹ́ńdà. Ní Google Maps, ẹ tẹ fọ́tò yín lókè, ẹ wá “Offline maps”, kí ẹ sì gba gbogbo Abẹ́òkúta sílẹ̀ nígbà tí dátà bá wà. Bí ẹ bá ń lọ sí Alábàtà tàbí ìletò tó kọjá ibẹ̀, ẹ ó mọ rírì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí nọ́ńbà náà ṣe rí. Ti Abẹ́òkúta máa ń bẹ̀rẹ̀ bí 7.16, 3.35. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bí a ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé lọ sí àríwá, ìkejì ń sọ bí a ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich lọ sí ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá fi ọ̀kan ṣíwájú èkejì, inú òkun lẹ máa bá ara yín, ní ìsàlẹ̀ Bonny. Bí ẹ bá sì gé nọ́ńbà náà kúrú sí ẹyọ méjì lẹ́yìn àmì kóńkó, ó lè fi ohun tó lé ní ìdajì kìlómítà ṣìnà. Ẹyọ márùn-ún ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́.

Ó ti wá kan ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n.

Nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè kò jọ ti òkè yìí. Ẹ ó rí “mE” àti “mN”, kí wọ́n sì tóbi: ti Abẹ́òkúta máa ń wà ní nǹkan bí 538,000 àti 791,000. Mítà ni wọ́n fi kà á, ní apá tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní Zone 31. Áàpù kan tó ń yí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà sí ti fóònù kò ṣòro láti rí, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè ní Nàìjíríà ni wọ́n gbé karí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, orúkọ ìlú Minna ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. GPS ń lo ìpìlẹ̀ mìíràn, WGS 84. Ìṣirò méjèèjì kò gbà pé bí ayé ṣe rí kan náà ni. Bí ẹ bá kó nọ́ńbà Minna sínú áàpù tó rò pé WGS 84 ni, àmì náà máa yẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà tàbí kó lé. Plọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 60 sí 120 sì rèé, nǹkan bíi mítà 18 sí 36 ni. Ẹ ka iye plọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ti fò kọjá.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì: kí àmì bọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín, kó jẹ́ pé ìyẹ̀ yẹn ló gbé e débẹ̀. Kódà bí a bá tún un ṣe, mítà márùn-ún ti fóònù ti tó láti gbé ògiri yín wọ ilẹ̀ aládùúgbò.

Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n má sanwó lórí àmì WhatsApp. Kó wá awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí ẹni náà lọ wo àwọn òpó sìmẹ́ńtì orí ilẹ̀, kó fi nọ́ńbà ara wọn wé ti inú ìwé, kó sì tún ilẹ̀ náà wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó gbé ìwé náà lọ sí Bureau of Lands and Survey ní Òkè-Mosàn, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà, àti bóyá ẹ̀dà ìwé tí awọnlẹ̀ yẹ kó fi pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn wà níbẹ̀. Fóònù á wúlò láti mú awọnlẹ̀ dé ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bi wá ní ìbéèrè, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti gbọ́ èsì láti Òkè-Mosàn, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. A máa gbé e sáfẹ́fẹ́, láìdárúkọ.