Yẹ́lò Káàdì Tí Kò Ní Abẹ́rẹ́ Nínú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà mú ìyá rẹ̀ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní dìsìpẹ́ńsárì wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí òun lọ ra ọjà ní Ṣáínà. Mo bi í pé, "Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fa yẹ́lò káàdì yọ, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹnì kan ló bá mi ṣe é. Wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́ rárá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Káàdì kì í dènà ibà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gbogbo ayé fi ń bèèrè ìwé yìí lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri. Ẹ̀fọn dúdú ni, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, ojú ọ̀sán ló sì máa ń jẹni, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn nìkan kò tó. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú ló gbé àrùn yìí láti ilẹ̀ wa dé Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Bàálù sì yára ju ọkọ̀ òkun lọ. Ní ọdún 2016, nígbà tí ó jà ní Àǹgólà, òṣìṣẹ́ 11 gbé e sínú ara padà sí Ṣáínà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò ràn níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ya àwòrán ilẹ̀ ayé, tí wọ́n ń wo ibi tí òjò àti ooru bá ẹ̀fọn yìí lára mu, ibi tí ọ̀bọ inú igbó gbé ní àrùn náà, iye ènìyàn tó ti gba abẹ́rẹ́, àti ọ̀nà tí bàálù ń gbà. Nàìjíríà wà láàrin ibi tí wọ́n fi àmì ewu sí. Ẹ̀fọn náà pọ̀ ní Éṣíà, ṣùgbọ́n àrùn náà kò tíì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí yóò dé ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni wọ́n rí i ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwárà, lẹ́yìn náà ó yọjú ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní 1927, dókítà Adrian Stokes, tó ń wádìí rẹ̀ ní Èkó yìí, kó o, ó sì kú. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast. Láti ara kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ náà ní 1937. Ẹ má pè é ní oògùn àjèjì mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà tí ẹ̀fọn náà jẹni, ara á gbóná, orí àti ẹ̀yìn á máa dunni, èébì á máa gbéni. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn á yá. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà kì àwọn díẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹyinjú á pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu àti nímú. Bí ìdajì irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń kú. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà. Àgbo kò pa á, abẹ́rẹ́ ibà lásán kò pa á. Kì í sì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni àrùn yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn. Ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́, a ní láti pọn ọ́n sí dúróòmù. Inú omi mímọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀fọn yìí ń yé sí. Ẹ bò ó dáadáa. Ẹ lò ó tán kí ọ̀sẹ̀ tó pé, kí ẹ sì ha ara dúróòmù, nítorí ẹyin rẹ̀ lè gbẹ mọ́ ọn fún oṣù púpọ̀, kó tún pa nígbà tí omi bá kàn án. Ẹ kó táyà àlòkù àti agolo dànù.

Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e wá. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ yìí ti wà lára àjẹsára ọmọdé nílẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ẹni. Aboyún, ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún, àti ẹni tí ẹyin adìẹ ń bá jà, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Mo sọ fún ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn: "Tíkẹ́ẹ̀tì ṣe é pààrọ̀. Ìwọ ni n kò ní pààrọ̀." Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tìrẹ dà?