Ìṣẹ́jú Ti Aago àbí Ti Ojú?

Ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Òyìnbó ló fi máa ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, à ń múra ilé ìwé, mo ní, "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún o!" Ló bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ní, "Dádì, ó ti pé."

Èsì wo ni kí n fọ̀? Òótọ́ ló kúkú sọ. Ojú ṣíṣẹ́ ni ìṣẹ́jú ti wá. Bẹ́ẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé lórí aago, ojú àgbàlagbà á ti ṣẹ́ tó nǹkan bí ìgbà 15. Ti ìṣẹ́jú àáyá ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹranko igbó tó jọ ọ̀bọ ni àáyá. Ṣùgbọ́n láti 1967, átọ́ọ̀mù caesium ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọn tirẹ̀: bí ìgbì tó ń ti ara rẹ̀ jáde bá mì nígbà 9,192,631,770, ìṣẹ́jú àáyá kan pé. Àáyá wo ló fẹ́ ka ìyẹn?

Aago ńkọ́? Agogo ni. Ìdí nìyẹn tá a ṣì fi ń bèèrè pé aago mélòó ló lù, nígbà tí fóònù wa ò lu nǹkan kan. Ní Brazil, agogô ṣì ni wọ́n ń lù sí samba. Wákàtí ní tiẹ̀, èdè Lárúbáwá ló ti wá: waqt, ìyẹn àkókò.

Ní báyìí, tí mo bá ti ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Yorùbá lọmọ mi fi ń bi mí pé, "Ti aago àbí ti ojú?" A ṣì ń pẹ́ dé ilé ìwé o.