Ẹ́ńjíníà Sátẹ́láìtì: Iṣẹ́ Tó Ń Lọ Tí Kò Padà

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ òfurufú, a máa ń rò pé ó máa gun rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sínú òṣùpá ni. Rárá o! Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjíníà tó ń ṣe sátẹ́láìtì kì í kúrò nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ló ń lọ.

Sátẹ́láìtì kan ń ya àwòrán oko àti odò, òmíràn ń gbé ọ̀rọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kiri. Ẹnì kan á ṣe ara rẹ̀ kó lè fúyẹ́, ẹnì kan á ṣe bátìrì àti ohun tó ń gba agbára oòrùn, ẹlòmíràn á kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sí mẹ́káníìkì tó máa gòkè lọ tún un ṣe. NigComSat-1 tiwa gòkè ní 2007. Nígbà tó di 2008, ìṣòro dé bá ibi tó ti ń gba agbára oòrùn, iná tán nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbọn sátẹ́láìtì jìgìjìgì kó tó lọ, tí wọ́n á tún mú un gbóná, mú un tutù, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọmọ Nàìjíríà náà ń ṣe é. Àwọn ẹ́ńjíníà wa ló kọ́ NigeriaSat-X nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gòkè ní 2011. Ní 2017, NigeriaEduSat-1 tí FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, bá àwọn ará Japan ṣe náà gòkè. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni ìbú àti òró rẹ̀. Ó máa wọ lọ́kà wa dáadáa!

Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé àátì làwọn máa yàn ní SS1, torí pé ìṣirò le. Tó bá jẹ́ pé àátì lẹ fẹ́ràn, kò burú. Àmọ́ ẹ má torí ìbẹ̀rù sá fún sáyẹ́ǹsì. Ìṣirò àti físíìsì ni ilẹ̀kùn iṣẹ́ yìí. Ní yunifásítì, ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà iná, ti ẹ̀rọ tàbí ti kọ̀ǹpútà lè bá wọn ṣe é. Ẹ bi olùkọ́ ìṣirò léèrè ohun tí kò yé yín ní prep alẹ́ òní.