Máàkì Nìkan Ni Yóò Gbẹnu Sọ Fún Ọmọ Wa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, ìdánwò JAMB, WAEC àti NECO kì í pẹ́ dé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Sábó ló ní ọmọ tó fẹ́ jókòó fún ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá òbí àti ọmọ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ohun kan wà tí àwa tí a ń gbé nílẹ̀ àjò kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ọmọ wa lè bá ọmọ onílé jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí tíṣà kan náà kọ́ wọn, síbẹ̀ òṣùwọ̀n kan náà kọ́ ni wọn yóò fi wọ̀n wọ́n. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé máàkì ìwọlé sí àwọn Unity College jáde, 67 ni ti ọmọ ìpínlẹ̀ Kánò, 131 ni ti ọmọ Ògùn, 133 ni ti ọmọ Èkó. Ìpínlẹ̀ baba ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tí wọ́n bí ọmọ sí.

Bákan náà ló rí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Nínú àyè 100, ìlànà ni pé 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rẹ̀yìn. Ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun tó bá mú Bayero, inú 45 yẹn nìkan ló ti máa du àyè. A kò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ wa kàn yege kò tó, àfi kó yege dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ọjà ló kàn. Ọmọ tó dé láti ilé-ìwé tó sì wà ní ìsọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ni yóò kàwé? Ó kéré tán, bí ìdánwò bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ fún un ní wákàtí méjì lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí iná tí a kò lè fọkàn tán.

Ẹ̀yin ọmọ, kíkàwé nìkan kò tó. Ohun tí ẹ bá lè kọ sílẹ̀ kí aago tó lù ni wọn yóò fún yín ní máàkì lé lórí. Ẹ wá ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ sì dáhùn wọn bí ẹni pé ọjọ́ ìdánwò ni. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi yín láàárín wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Èyí tó bá le, ẹ fò ó, kí ẹ padà sí i tó bá yá. Láti ọdún 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti di ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọjọ́ ìdánwò kọ́ ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ di máòsì mú.

Ní ti WAEC, àròkọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tó ọ̀rọ̀ 450, máàkì 50 ló wà fún un: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àkọtọ́ àti àmì. Ẹ̀yin náà rí i pé èdè ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tó há àròkọ sórí, tí kò sì lè to gbólóhùn, kò lè rí máàkì gidi. Ẹ máa kọ ojú ewé kan lójoojúmọ́, kí tíṣà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn ka ohun tí ẹ kọ. Nínú ìṣirò, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà dé ìdáhùn sílẹ̀, torí ọ̀nà náà ní máàkì tirẹ̀.

Àwọn òbí kan ń fi owó ra expo, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí miracle centre. Òfin ọdún 1999 lórí mágòmágó ìdánwò ní ẹ̀wọ̀n nínú, WAEC sì ń fagi lé èsì. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Bí èrú bá tilẹ̀ gbé ọmọ wọ yunifásítì, ta ni yóò bá a kọ ìdánwò ibẹ̀?

A wá ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti máa kàwé nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì bẹ àwọn àgùnbánirọ̀ tó wà láàárín wa pé kí wọ́n wá kọ́ wọn ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí yóò ná wa kò tó owó àríyá kan.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yege o. Àmín.